Ohun tí pátákó oníná méjì fi kọ́ mi ní Òṣogbo

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, oníbàárà mi kan tó wọkọ̀ láti Ìkìrun wá ra aṣọ pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọjá níbi tí ẹ júwe fún mi lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí ṣọ́ọ̀bù yín." Mo jáde sí ẹnu ọ̀nà, mo sì rí i nínú kórópe tó dúró ní òdìkejì títì, tó ń wo ọ̀ọ́kán ibi tí mo wà. Pátákó oníná tí mo fi owó àjọ tí mo kó ṣe ń tàn yòò lókè orí mi lákòókò náà. Ó ń tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí mo torí rẹ̀ tàn án kò rí i kà.

Àdìrẹ ni mo ń tà ní Alékúwodò, èmi fúnra mi sì ń rẹ aṣọ láró. Nígbà tí oníṣẹ́ pátákó béèrè àwọ̀ tí mo fẹ́, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: mo ní kí ó fi lẹ́tà aláwọ̀ aró sórí dúdú, nítorí pé ìlú aró ni wọ́n ń ki Òṣogbo, aró náà ló sì ń bọ́ mi. Ọ̀sán la wò ó nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀, a sún mọ́ ọn bí ẹni ń wo fọ́tò, ó sì dára lójú mi gan-an. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ojú ènìyàn kì í lè gbá iná aláwọ̀ búlúù mú dáadáa láti òkèèrè lálẹ́. Ńṣe ni etí lẹ́tà máa ń wú, tí ọ̀kan á sì wọ inú èkejì. Bí mo bá dúró sábẹ́ rẹ̀, ó hàn kedere. Bí mo bá kọjá sí òdìkejì títì, ó di ìkùukùu aró kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ràn àwọ̀ kan bí mo ṣe fẹ́ràn aró, kí ó fi ṣe ẹ̀yìn pátákó, kí ó sì jẹ́ kí lẹ́tà funfun jókòó lórí rẹ̀. Bí mo ṣe ṣe èkejì nìyẹn, ó sì jọ ọjà mi ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé funfun lórí aró kúkú ni àdìrẹ.

Àṣìṣe kejì, n kò lè dì í ru oníṣẹ́ kankan. Èmi ni mo ní kí ó kọ orúkọ mi tán pátápátá, kí ó fi kún un pé a ń ta aṣọ òkè àti léèsì, pé a ń rán aṣọ, pé a ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́, kí ó sì fi nọ́ńbà fóònù mẹ́ta parí rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ pátákó ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń lò, èyí tí n kò bá béèrè kí n tó sanwó: lẹ́tà tó ga ní íǹṣì 1 ni a lè kà pẹ̀lú ìrọ̀rùn láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10. Ibi tí àwọn kórópe ti ń já èrò jìn sí ṣọ́ọ̀bù mi tó ẹsẹ̀ bàtà 80, bẹ́ẹ̀ íǹṣì 4 péré ni lẹ́tà mi ga, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti kún ojú pátákó. Ìdajì ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ mi ń dé tó fi ń rẹ̀ ẹ́. Ní ti èkejì, ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo fi sílẹ̀, ìyẹn ÀDÌRẸ àti orúkọ mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ga ní íǹṣì 10. Nọ́ńbà fóònù wà lára gíláàsì ilẹ̀kùn, níbi tí ẹni tó ti dé iwájú ilé ti lè rí i.

Àpótí irin ni pátákó àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n na flẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ọ̀rá líle tí wọ́n ń tẹ ìpolówó sí, bò ó lójú, wọ́n sì to ọ̀pá iná flórẹ́sẹ́ǹtì 6 sínú rẹ̀. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, èsunsun gba ihò wáyà wọlé, ìyẹ́ wọn sì kó jọ sí ìsàlẹ̀ bí èèpo àgbàdo. Ọmọńlé tẹ̀lé wọn wọlé láti wá jẹun. Òjìji rẹ̀ á máa rìn kọjá lórí orúkọ mi lálẹ́, á tóbi tó apá mi, àwọn ọmọ àdúgbò á sì máa dúró pàtẹ́wọ́ fún un, àfi bí ẹni pé sinimá ni mo ṣí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá iná méjì kú láàárín, tí ó sì gé orúkọ mi sí méjì. Síbẹ̀, n kò ní sọ pé kí ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n má ṣe àpótí o. Kí ó ṣáà rí i pé wọ́n dí gbogbo ihò rẹ̀, kí wọ́n sì to LED, àwọn iná kéékèèké tí kì í jẹ iná púpọ̀, sínú rẹ̀ dípò ọ̀pá iná.

Pátákó kejì jẹ́ lẹ́tà olójú perspex (ike líle tó jọ gíláàsì) funfun, wọ́n sì lẹ àwọn LED kéékèèké mọ́ inú rẹ̀. Kí n tó san àsansílẹ̀, mo bẹ ọmọkùnrin tó ṣe é pé kí ó kọ́kọ́ gé lẹ́tà kan ṣoṣo, kí ó gbé e wá lálẹ́, kí a fi okùn so ó sókè, kí n kọjá títì lọ wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó ti ní kí n ṣe báyìí rí," ṣùgbọ́n ó gbé e wá. Ibi tí a ti rí i nìyẹn pé lẹ́tà náà kò jìn nínú tó: LED kọ̀ọ̀kan ń yọ ojú lára perspex bí ojú ológbò nínú òkùnkùn. Ó fi íǹṣì kan kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì tún àwọn LED tò súnmọ́ra, ìmọ́lẹ̀ náà sì dọ́gba. Mo tún béèrè àmì IP, èyí tó ń sọ bí nǹkan ṣe lè kojú eruku àti omi tó, lára àwọn LED àti tiransífọ́mà tó ń gbé iná fún wọn, nítorí IP65 túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọlé, omi tó ń tú sí i lára kò sì lè ṣe é ní nǹkankan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ní kí ó má so gbogbo LED tẹ̀lé ara wọn lórí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Fóltì 12 ni wọ́n ń lò, bí wáyà bá sì gùn jù, lẹ́tà àkọ́kọ́ á máa tàn bí ọ̀sán, èyí tó gbẹ̀yìn á máa ṣe bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán.

Ọ̀rọ̀ àmì ìsàlẹ̀ Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Oníṣẹ́ fẹ́ kí a fò ó, ó ní kò sẹ́ni tí yóò ṣàìmọ ohun tí mo ń tà. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ńlá ni àmì kékeré náà, torí pé ó dá dúró kúrò lára lẹ́tà: ó fẹ́ àpótí tirẹ̀, ó fẹ́ ihò wáyà tirẹ̀, ó sì kéré jù fún LED tó wà nínú àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣi orúkọ iṣẹ́ náà kọ sí ojúde. Nígbà tó yá, ó wá irú LED tó ní ojú ẹyọ kan, ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú àmì náà.

Ní ti iná, Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí iná má lọ lójú wa. Nítorí náà, ohun tí pátákó ń jẹ ṣe pàtàkì ju ẹwà rẹ̀ lọ. Ọ̀pá iná 6 ti àkọ́kọ́ ń jẹ wáàtì 36 lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn lé ní wáàtì 200, jẹnẹrétọ̀ nìkan ló sì lè gbé e bí iná bá lọ. LED 100 ti èkejì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 0.72, kò ju wáàtì 72 lọ. Tiransífọ́mà wáàtì 100 tó fún un, a sì fi àyè sílẹ̀ kí ó má baà máa gbóná jù. Nígbà tí iná kò bá sí, bátìrì fóltì 12 oní-100Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú), tí a kò bá lò kọjá ìdajì, lè gbé e fún nǹkan bíi wákàtí 8 láìgba inú ínfátà kọjá rárá. Agogo kékeré kan ló ń pa á ní aago mẹ́wàá alẹ́, nítorí pé Alhaja tó ń gbé ní òkè wa kò lè sùn bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọ inú yàrá rẹ̀.

Wọ́n ti fi èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń sáré kọjá lójú pátákó lọ̀ mí náà. N kò bá wọn ra á, torí pé kí ọ̀rọ̀ kan tó sáré dé òpin, ọlọ́kadà ti kọjá lọ. Ẹ má gbàgbé ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú: ìwé òfin ọdún 1999 fi àkóso pátákó ìpolówó ìta sí ọwọ́ wọn, ìgboro Òṣogbo sì pín sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá. Ẹ mọ èyí tí ṣọ́ọ̀bù yín wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó kan ìṣó kankan, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Mo bá oníṣẹ́ náà ṣe àdéhùn pé n kò ní san owó tó kù títí òjò ńlá kan yóò fi rọ̀ lé pátákó náà lórí. Ó gbà, bó tilẹ̀ kùn díẹ̀. Òjò rọ̀ ní òru ọjọ́ kẹsàn-án. Nígbà tí a tanná lálẹ́ ọjọ́ kejì, gbogbo lẹ́tà tàn, àmì ìsàlẹ̀ Ẹ nìkan ló kú. Ó gun àkàsọ̀, ó tú u, omi tó tó ṣíbí kan dà jáde láti inú rẹ̀. Ó ti lu ihò tí omi ń gbà jáde sí ìdí gbogbo lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ti èyí tó kéré jù. Ó lu ihò náà, ó pààrọ̀ LED, ó fi sílíkónì dí ẹnu wáyà, mo sì ka owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́ lórí àkàsọ̀ níbẹ̀.