Ẹ ka aṣọ náà kẹ́ ẹ tó kọ nípa òjò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára àwòrán onípákó ilẹ̀ Jàpáànì

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ojú ṣe tì mí.

Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, olùkọ́ wa fún mi ní àwòrán kan tí Suzuki Harunobu, ayàwòrán ará Jàpáànì, yà lọ́dún 1765, irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ sára pákó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Òjò òjijì dé. Ọmọbìnrin kan sáré jáde lọ ká aṣọ tí wọ́n sá, bàtà onígi rẹ̀ kan ti yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo kọ ojú ewé méjì lórí òjò, afẹ́fẹ́ àti bàtà yẹn. Ohun tí olùkọ́ kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ kò ju èyí lọ: "Aṣọ yẹn ńkọ́? Ṣé o kà á?"

Ohun tí mo pè ní ọnà ara aṣọ, nọ́ńbà oṣù ni. Kàlẹ́ńdà ni mo ń wò tí n kò mọ̀. Nígbà náà, oṣù gígùn wọn jẹ́ ọjọ́ 30, kúkúrú jẹ́ 29, ètò wọn sì ń yí padà lọ́dọọdún. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wù ló lè tẹ kàlẹ́ńdà, ó di ẹni tó gba àṣẹ. Làwọn olówó tó fẹ́ràn ewì bá ń fi nọ́ńbà pamọ́ sínú àwòrán, wọ́n á fi ta ara wọn lọ́rẹ lọ́dún tuntun. Owó wọn ló gbé àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ dìde, torí pákó ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, àwọn òǹtẹ̀wé gé nọ́ńbà kúrò lára àwọn pákó kan, wọ́n tún wọn tẹ̀ fún títà.

Ti koto, ohun èlò orin olókùn àwọn ará Jàpáànì, ló dùn mọ́ mi jù. Ní nǹkan bí ọdún 1766, Harunobu mú ìran mẹ́jọ kan tí àwọn akéwì Ṣáínà ti ń kọ tipẹ́, ó kó o wọnú yàrá àwọn obìnrin. Aṣọ ìnura lórí ìgbékọ́ di ìgbòkun ọkọ̀ tó ń darí bọ̀. Agogo tó ń sọ àkókò di agogo tẹ́ńpìlì (àwa tá à ń pe méjèèjì ní agogo, a lè máà mọ̀ pé àwàdà ni). Pẹ́pẹ́yẹ igbó tó ń balẹ̀ nínú ìran àwọn ará Ṣáínà wá ńkọ́? Mo wá a títí. Obìnrin méjì, koto kan, kò sẹ́yẹ. Àfìgbà tí mo wo àwọn igi kéékèèké tó gbé okùn 13 dúró: wọ́n tò ní ìdábùú, ọ̀kan ń tẹ̀lé ọ̀kan, bí lékeléke ṣe ń tò lójú ọ̀run nírọ̀lẹ́.

Ewì wọn náà ń fi ohùn ṣeré. Ono no Komachi, obìnrin akéwì ọ̀rúndún kẹsàn-án, lo nagame: òjò tí kò dá ni, ìwòye ẹni tó ń ronú náà ni. Furu rẹ̀ ni kí òjò rọ̀, òun náà ni kí ọjọ́ orí máa lọ. Òdòdó tó ń ṣá níbẹ̀, ẹwà tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá mọ àrokò, tó mọ̀ pé owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, kò ní í pẹ́ lóye wọn.

Ní báyìí, kí n tó kọ gbólóhùn kan, mo máa ń kọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán sílẹ̀ lédè Jàpáànì, màá sì pè é síta. Tí àkọlé bá wà lára rẹ̀, mo ń wá ẹni tó lè ka ìkọ̀wé àtijọ́ wọn, kódà bí yóò bá ná mi ní oúnjẹ ọ̀sán kan.

Ẹ fi èyí dán an wò: òkè Fuji, àwòdì àti ìgbá tí à ń jẹ. Lójú àwọn ará Jàpáànì, ẹni tó bá lá wọn lálàá níbẹ̀rẹ̀ ọdún, oríire ló rí. Òkè àti àwòdì kì í ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Ìgbá ni wọ́n máa ń bi mí. Ẹ pè é síta: nasu. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pe kí èèyàn ṣe nǹkan kó yọrí.