Ta ni kó o tó pa á

Mi ò bínú o. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mò ń bínú. Àmọ́ látàárọ̀ lọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ ti ń dún létí mi: "Ṣó o tiẹ̀ bi í pé ta ni, kó o tó pa á?" Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló dùn mí.

Iná lọ lóru, sáfà kú, ó tún tan. Bash script mi, àkójọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà máa ń tẹ̀ lé fúnra ẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí mo ti fi dà yín láàmú látoṣù tó kọjá, ó ka 2417 nínú fáìlì tí mò ń tọ́jú PID sí, ìyẹn nọ́mbà tí kọ̀ǹpútà ń fún ètò kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ó kill ètò tó ni nọ́mbà yẹn, ó tán. Lánàá, 2417 ni worker mi, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mọ́ṣíìnì bá kú tó tún tan, ìsàlẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pín nọ́mbà, ó sì ti gbé 2417 fún rsync, ètò tó ń kó backup bọ̀ láti ìdájí. Ká ní inú /run ni mo fi fáìlì yẹn sí, ì bá ti pòórá fúnra ẹ̀ nígbà tí mọ́ṣíìnì kú.

Ta ni. Bíi pé mo lọ gún èèyàn lọ́bẹ.

Nọ́mbà ló parọ́ fún mi. Rárá, nọ́mbà ò parọ́, èmi ni mo sọ ọ́ di orúkọ. Ti fóònù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ rántí nọ́mbà tí mo pè níjọ́sí, tí obìnrin kan gbé e tó ní "ta lẹ ń wá?" Wọ́n ti tà á fẹ́lòmíì. Mi ò tíì pa á rẹ́ lórí fóònù mi o. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Òjò rọ̀, mo jẹ ẹ̀bà, mo sùn díẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ mo ní kí script náà máa yọjú wo cmdline onítọ̀hún, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n fi pè é jáde, nínú /proc tí kọ̀ǹpútà ń kọ ìròyìn àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ sí, kó tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo kọ́kọ́ cat ẹ̀ láti kà á, ṣe ni gbogbo ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, python3worker.py, kò sáàyè kankan láàárín, àfìgbà tí mo fi tr là wọ́n. Ta ni? Ó dáhùn! Inú mi dùn bíi ti ọmọdé.

Mo wá gbìyànjú pgrep -f worker.py, tó ń wá nọ́mbà gbogbo ètò tí worker.py bá wà nínú àṣẹ wọn, torí ps (tó ń to àwọn ètò sílẹ̀) tèèyàn bá fi grep (tó ń wá ọ̀rọ̀) wò máa ń ká grep ọ̀hún náà mọ́ ọn, bí ẹni tó ń wá olè tó pàdé díńgí. Nọ́mbà méjì jáde. Ọwọ́ mi ti wà lórí Enter kí n pa méjèèjì, ni mo bá ní kí n bi wọ́n ná. Ọ̀kan ni worker. Èkejì ni vim, ètò ìkọ̀wé tí mo ṣí worker.py sí, tí mi ò tíì save.