Ọjọ́ Tí Kámẹ́rà Mi Kọ́kọ́ Rí Òjò

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Agẹmọ, Ìbàdàn.

Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kámẹ́rà náà ti dé ọwọ́ mi, síbẹ̀ n kò tíì fi ya ohun kan tó ní láárí. Owó àjọ oṣù mẹ́wàá ni mo fi rà á. Tuntun ni, kì í ṣe tòkunbọ̀, mo sì ti pinnu pé ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa ni n óò gbé e jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n oṣù Agẹmọ kò mọ ìpinnu ẹnì kankan. Láti ọjọ́ Ajé ni òjò ti ń rọ̀. Bí ó bá dá ní òwúrọ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán. Nígbà tí ó di àná, mo rí i pé bí mo bá ń retí oòrùn, inú páálí ni ẹ̀rọ yìí yóò wà títí òjò ọdún yìí yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Mo gbé e sínú àpò, mo sì lọ sùn sí ilé Màmá ní ẹ̀gbẹ́ Òkè Màpó, nítorí pé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé náà ni ènìyàn ti lè rí àwọn òrùlé Ìbàdàn bí wọ́n ṣe tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé Dùgbẹ̀.

Nǹkan bí aago méje òwúrọ̀ òní ni ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀. Òjò ti pa mí láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n mo rò pé òní ni mo kọ́kọ́ dúró wo bí ó ṣe ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn ni ó gbà wá, Cocoa House ni ó sì kọ́kọ́ gbé mì. Ilé àwòṣífìlà alájà 26 ni ilé náà, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1965. Láti kékeré mi ni mo ti ń fi mọ ibi tí mo kọjú sí bí mo bá ṣìnà nínú ìlú. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí ó fi parẹ́, bí ẹni pé wọn kò kọ́ ọ rí. Lẹ́yìn náà ni òjò funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ lórí àwọn páànù tó ti dípẹtà, láti àdúgbò kan dé èkejì, tí a sì ń gbọ́ ariwo rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo sáré wọlé lọ gbé kámẹ́rà. Iná wà ní gbogbo òru àná, mo sì tan ẹ̀rọ amúlétutù sùn, nítorí náà kámẹ́rà náà ti tutù bí ìgbà tí a gbé e sínú fíríìjì. Bí mo ṣe gbé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ òjò ti kún fún ọ̀rinrin, ojú lẹ́ǹsì rẹ̀ funfun báláú. Bí ike omi tútù ṣe máa ń làágùn bí a bá gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì náà ń làágùn, n kò sì rí ohunkóhun nínú rẹ̀ àyàfi ìkùukùu. Mo fi aṣọ nù ún, ó tún padà. Ìgbà tí mo tó gbé e kalẹ̀, tí mo jẹ́ kí ara rẹ̀ àti ara afẹ́fẹ́ dọ́gba, ni ojú rẹ̀ tó là, èyí sì gbà tó ìdajì wákàtí. Gbogbo àkókò tí òjò náà fi ń rìn lórí páànù, tí ó jẹ́ ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá gan-an, ni ó kọjá lójú mi láìsí àwòrán kan. Ó dùn mí gidigidi. Láti ìsinsìnyí lọ, inú àpò rẹ̀ tí mo pa dé ni yóò ti máa sùn, ní yàrá tí kò sí amúlétutù.

Ìwé pélébé tó bá ẹ̀rọ náà wá sọ ọ́ kedere pé omi kò gbọ́dọ̀ kàn án. Mo mú ọ̀rá kan tó mọ́ tó sì fẹ̀, mo lu ihò sí ìdí rẹ̀, mo ti lẹ́ǹsì gba inú ihò náà, mo sì fi rọ́bà so ó mọ́ ọrùn lẹ́ǹsì kí omi má baà rí ọ̀nà wọlé. Láti ẹnu ọ̀rá náà ni mo ti ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó wà ní ọdún mọ́kànlá, di agboòrùn mú lé mi lórí. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n dúró síwájú yín díẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e wá.” Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Ìjì ni ó ń gbé òjò wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe òkè ni omi náà ti ń bọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo jẹ́ kí kámẹ́rà máa ṣe gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀. Ó rí i pé ojú ọjọ́ ṣókùnkùn, ó sì tan iná fíláàṣì rẹ̀ bì. Nígbà tí mo wo àwòrán náà, kò sí Ìbàdàn níbẹ̀ mọ́, àfi àmì funfun roboto roboto káàkiri, bí ẹni pé ẹnì kan da gaàrí sórí aṣọ dúdú. Àwọn ẹ̀kán òjò tó wà nítòsí wa ni iná náà bà, tí wọ́n sì dá a padà. Kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ òrùlé kankan. Mo pa fíláàṣì náà, n kò sì tún tàn án mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo gba ìṣàkóso lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó pa ojú dé. Níbí ni ayọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kán òjò tó tóbi lè máa já bọ̀ ní ìwọ̀n mítà 9 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí mo bá jẹ́ kí kámẹ́rà la ojú fún ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ̀kán náà yóò ti rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 kí ojú náà tó pa dé, nítorí náà okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò dà lójú àwòrán. Bí mo bá dín in kù sí ìdá kan nínú 1000, kò ní lè rìn tó sẹ̀ǹtímítà kan, yóò sì dúró gbagidi nínú afẹ́fẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já kúrò lára okùn. Mo ya omi tó ń dà láti etí páànù aládùúgbò wa ní ọ̀nà méjèèjì, mo sì gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, omi náà jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo tó gùn wálẹ̀. Nínú èkejì, mo rí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé èyí tó wà lókè gùn bí ẹ̀wà, tí àwọn ti ìsàlẹ̀ sì ti yí roboto. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni omi ti ń dà láti etí páànù yẹn, n kò sì rí èyí rí.

Nǹkan kan ni ẹ̀rọ náà gbà lọ́wọ́ mi fún eré yẹn. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá yára pa dé tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó wọlé kò ní tó, pàápàá ní irú ọjọ́ báyìí, àfi kí n gbé ISO, ìyẹn ìwọ̀n tí kámẹ́rà fi ń fún ìmọ́lẹ̀ lágbára, sókè kí ó lè sọ ìwọ̀nba tó rí di púpọ̀. Bí ó bá sì ti sọ ọ́ di púpọ̀, yóò sọ àṣìṣe inú rẹ̀ náà di púpọ̀: ojú ọ̀run inú àwòrán mi dà bí ibi tí wọ́n wọ́n iyanrìn sí. Mo gba iyanrìn náà bẹ́ẹ̀. Mo rántí Steven Sasson, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, tó kó kámẹ́rà oní-díjítà àkọ́kọ́ jọ ní ọdún 1975. Ẹgbàárùn-ún péré, ìyẹn 10,000, ni ojúàmì inú àwòrán tirẹ̀, àwọn ẹyọ kéékèèké tí a tò pọ̀ di àwòrán, dúdú àti funfun ni, ìṣẹ́jú-àáyá 23 ni ó sì máa ń gbà kí ẹ̀rọ náà tó kọ àwòrán kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Mílíọ̀nù 24 ni ti èyí tó wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi. Ọkùnrin yẹn ní sùúrù, kò ní ka iyanrìn díẹ̀ sí.

Ní aago mẹ́wàá, òjò náà dẹ̀, ó di wẹliwẹli. Mo wọlé lọ bá Màmá ní pálọ̀, mo sì fi èyí tó dára jù lójú mi hàn wọ́n lójú kámẹ́rà: gbogbo òrùlé láti ẹ̀yìn ilé wa títí dé ibi tí Cocoa House yẹ kí ó wà, ó mọ́ kedere, àwọ̀ páànù pọ́n, ojú ọ̀run funfun nini. Màmá gbé gíláàsì ojú wọn wọ̀, wọ́n wò ó títí.

“Ọmọ mi, ta ló tan iná sójú ọ̀run?”

Mo ní, “Màmá, ẹnì kankan kò tan iná. Bí kámẹ́rà ṣe rí i nìyẹn.”

“Kò rí i dáadáa. Òjò tí mo wò lójú fèrèsé kọ́ nìyí. Èyí tí mo wò dúdú, ó dúdú débi pé mo tan àtùpà kí n tó ka Bíbélì mi. Ẹni tó bá rí èyí tí o yà yìí yóò rò pé òjò ọlọ́kàn tútù ni.”

N kò lè jiyàn, nítorí Màmá mọ òjò Ìbàdàn ju èmi lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún, ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, tí ó gbé ilé, ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ẹ̀bá odò náà ni ilé tí òun àti Bàbá háyà wà. Ọdún méjì kí wọ́n tó bí mi ni. Ẹ̀mí wọn yọ, ṣùgbọ́n ẹrù wọn kò yọ, ohun tí Màmá sì ń sọ jù lọ títí di òní kì í ṣe aṣọ tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, àpótí fọ́tò ni. Gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó wọn ni omi kó lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo tó kù wà lára ògiri pálọ̀: Bàbá nínú agbádá, lẹ́bàá àga kan tí ayàwòrán gbé kalẹ̀ fún wọn, omi sì ti jẹ ẹ́ láti orúnkún lọ sísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kó wá sórí òkè, ìdí sì nìyí tí mo fi mọ̀ pé bí Màmá bá ní òjò kan dúdú, ó dúdú.

Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà, mo sì ka ìwé pélébé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó ṣe ń ṣe ni pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbà pé ohun yòówù tó ń wò, kò ju àwọ̀ eérú lọ, kò dúdú jù, kò sì funfun jù, nítorí náà yóò fa ohun gbogbo wá sí àárín yẹn. Bí mo bá kọjú rẹ̀ sí odi funfun, yóò sọ ọ́ di eérú. Bí mo bá kọjú rẹ̀ sí ojú ọ̀run tó ṣú, yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí i títí yóò fi di eérú. Kò mọ̀ pé òkùnkùn ni ohun tó gbé mi jáde. Ohun kan náà ni ó ń ṣe sí àwọ̀: ó rí àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ tó bo gbogbo ìlú nígbà òjò, ó kà á sí àṣìṣe, ó sì nù ún kúrò. Bọ́tìnì kan wà tó ní àmì ìròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò. Bí mo bá yí i lọ sí ìyọkúrò 1, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ni yóò gbà. Mo yí i lọ síbẹ̀. Mo sì mú àwọ̀ rẹ̀ kúrò ní àdáṣe, mo fi sí ibi tí wọ́n ya oòrùn sí, kí ó má baà nu aró náà nù mọ́.

Òjò tún bẹ̀rẹ̀ kí aago méjìlá tó lù, ó sì pọ̀ ju ti òwúrọ̀ lọ. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti èmi ni ó rí, agboòrùn wa kò sì ràn wá lọ́wọ́ mọ́. Kámẹ́rà náà kò mọ ibi tí yóò tẹjú mọ́, ó ń wá ohun tó lè dì mú nínú funfun òjò náà, kò rí i, mo sì fi ọwọ́ yí ojú rẹ̀ mọ́ òrùlé mọ́ṣáláṣí kan tó wà ní àárín ọ̀nà. Mo ya mẹ́rìndínlógójì. Nínú wọn, ọ̀kan wà tí n kò lè kúrò nídìí rẹ̀ láti ìgbà náà. Òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, àfi ibi tí omi ti ń dán lórí wọn. Òjò gùn bí òwú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní apá òsì, nínú ilé kan, ẹnì kan tan iná, iná náà pọ́n, ó sì kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Ìgbà tí mo yà á, n kò tilẹ̀ rí iná náà.

Mo gbé e lọ fún Màmá. Wọ́n kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n fi ìka kan ojú ibi tí iná náà wà, wọ́n ní, “Òun nìyí. Òun gan-an nìyí.”

Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo ti nu ara kámẹ́rà náà, mo ti yọ bátìrì rẹ̀, mo sì ti kó o sínú ike onídèérí pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi mu tí mo kó jọ láti inú páálí bàtà, nítorí pé bí ọ̀rinrin bá pẹ́ lára lẹ́ǹsì, èbu yóò hù sí i nínú, èbu yẹn kò sì ṣeé nù láti ìta. Màmá ní kí n fọ èyí tó dúdú yẹn, kí ó tóbi tó ti Bàbá, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n sì kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú bírò tí omi kò lè pa rẹ́. Mo bi wọ́n bóyá èyí tó mọ́lẹ̀ ńkọ́, wọ́n ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ Ajé ni n óò lọ fọ̀ ọ́ bí òjò bá dá. Bí kò bá sì dá, ọ̀rá náà ṣì wà.