Àkéte Tanímọ̀la: ibi tí iṣẹ́ dé

Tanímọ̀la pé ọmọ ọdún 9 lọ́dún yìí. Ajá ìbílẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Àlísésàn kan ládùúgbò wa n'Ìbàdàn sì ni bàbá, ara bàbá yìí ló ti mú ìdúró àti etí tó máa ń nà ró. Láti kékeré ló ti ń sùn sórí símẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, kò sì sí ohun tó ṣe é nígbà tí eegun ṣì le. Ní báyìí, irun ti tán lórí ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì. Awọ ibẹ̀ ti dúdú, ó ti yi, ó sì sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Dókítà ẹran fi ìka tẹ̀ ẹ́ yí ká, ó ní omi ò tíì sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ajá tó wúwo bá ń fi eegun ìgúnpá gbá ilẹ̀ líle lójoojúmọ́, omi lè gbá jọ sábẹ́ awọ kó sì wú. Ó ní kí n wá ibi tó rọjú fún un.

Ó bọ́ sí i. Ayùn mi ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti parí àpótí ìwé, ọwọ́ ń yún mi.

Kí n tó ra ìṣó

Ajá ni mo kọ́kọ́ ń wò. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá ti mú, á fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, á na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọọrọ, á fi ikùn kan símẹ́ńtì níbi tí omi ìfọṣọ máa ń gbà kọjá. Lóru, pàápàá tó bá kù díẹ̀ kílẹ̀ mọ́, á ká jọ, á ti imú bọ abẹ́ ìrù. Oorun méjèèjì yìí ló pinnu gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà.

Ajá tó nara ń wá ibi tí ooru máa gbà jáde, èyí tó ká jọ ń tọ́jú ooru. Ajá kì í làágùn kárí ara bíi tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti ń làágùn ìwọ̀nba, ahọ́n tó yọ síta tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń wá ìtura. Bí ẹ bá wá gbé e lé fóòmù tó nípọn lóṣù Ẹrẹ́nà, ìyà lẹ fi jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn bẹ́ẹ̀dì rogodo onírun tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò fi wọ̀ mí lójú. Wọ́n dùn ún wò nínú fọ́tò, mi ò jiyàn, àmọ́ ìlú olótùútù ni wọ́n rò tí wọ́n fi rán an. Bóyá ní Ọ̀pẹ sí Ṣẹ́rẹ́, nígbà ọyẹ́, ni Tanímọ̀la á yà síbẹ̀. Oṣù tó kù, símẹ́ńtì ló máa padà sí, owó á sì ti lọ.

Fọkanáísà ìta wa fẹ́ fún mi ní táyà àlòkù. Mo ti rí àwọn tó gé e, tí wọ́n kùn ún lọ́dà, tí wọ́n ki aṣọ bọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà a máa fa oòrùn sára, omi òjò a sì máa dúró nínú ikùn táyà, bẹ́ẹ̀ ibi tí omi bá dúró sí, ẹ̀fọn á yé síbẹ̀. Ẹ̀fọn sì ni í gbé aràn inú ọkàn láti ara ajá kan dé ara òmíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi táyà sílẹ̀ fún un.

Ohun tí mo fẹnu kò sí lọ́kàn ara mi nìyí: àkéte pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú, tí mo máa na tapólì sí lójú, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Tìmùtìmù kan á wà lọ́tọ̀ fún ìgbà ọyẹ́ àti òru òjò, mo lè gbé e lé e, mo lè gbé e kúrò.

Ìwọ̀n

Kì í ṣe ìgbà tí ajá bá dúró la máa ń wọ̀n ọ́n fún ibùsùn. Ẹ jẹ́ kó sùn, kó nara tán, kí ẹ wá yọ́ kẹ́lẹ́ gbé téèpù sún mọ́ ọn. Láti imú dé ìdí ìrù Tanímọ̀la jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, láti ẹ̀yìn rẹ̀ dé èékánná ẹsẹ̀ tó nà sì jẹ́ 60. Mo fi 20 kún gígùn, mo fi 15 kún ìbú, ó wá di 110 sí 75. Ẹni tí ajá rẹ̀ kì í nara, tó jẹ́ pé ìgbà gbogbo ló ń ká jọ, lè ṣe é kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gíga rẹ̀ ló gbà mí lákòókò. Bí àkéte bá ti ga tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ṣe ń ráyè tó lábẹ́ rẹ̀, ó sì rọrùn láti fi ìgbálẹ̀ gbá abẹ́ ibẹ̀. Àmọ́ ìbàdí àgbà ajá kì í tètè gbọ́ràn láàárọ̀. Mo gbé àwọn bíríkì jọ lónírúurú gíga, mo gbé pákó lé wọn, mo pè é kó gùn ún. Ní sẹ̀ǹtímítà 25, ẹsẹ̀ iwájú lọ, tẹ̀yìn dúró ronú. Ní 15, kò tilẹ̀ wo ilẹ̀ tó fi gùn ún. Ẹsẹ̀ àkéte di 15.

Bódìjà, Sátidé

Ẹni tó bá ti wọ ọjà pákó Bódìjà láàárọ̀ Sátidé mọ̀ pé etí ò ní sinmi. Pákó tú-báì-tú (ínṣì 2 sí ínṣì 2) méjì, ẹsẹ̀ bàtà 12 níkọ̀ọ̀kan, ló tó iṣẹ́ yìí. Arère fúyẹ́, owó rẹ̀ sì mọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ ikán ni. Ìrókò ò ní wàhálà ikán, àmọ́ owó rẹ̀ ju ti ajá lọ, ìyẹ̀fun rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń rẹ́ ẹ sì máa ń yún ara, ó ń ta imú. Òpèpè ni mo mú. Ó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fá a, kì í sì í yá ikán lára láti jẹ ẹ́.

Alájì tó ń ta pákó béèrè pé ṣé àga ni mo fẹ́ kàn. Mo ní àkéte ajá ni.

“Ajá?” Ó wo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. “Tiwa ń bẹ lẹ́nu géètì níbí láti bí ọdún mẹ́ta, kò tíì béèrè bẹ́ẹ̀dì.”

Ṣùgbọ́n òun náà ló fúnra rẹ̀ ṣa èyí tó gún jù nínú òkìtì fún mi, tó ń dijú kan wo etí pákó kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́jà gidi ni.

Oríkèé pákó, nítorí eégbọn

Níbí ni mo ti fara balẹ̀ jù. Àwọn èèyàn rò pé ara ajá ni eégbọn ń gbé. Eégbọn aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń da ajá láàmú nílé, bí abo rẹ̀ bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, á já bọ́, á máa fà lọ, á gun ògiri, á wá ihò tàbí ojú ìlà tó há, ibẹ̀ ni yóò yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sí. Àwọn ọmọ á pa, wọ́n á sì wá ajá padà. Ibùsùn onípákó tí oríkèé rẹ̀ là sílẹ̀, ilé ìgbẹ̀bí eégbọn ni. Ẹ lè wẹ ajá títí, ẹ lè ra oògùn títí, bí ibi tó ń sùn bá ní ihò, asán ni. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì ń kó ran ajá, irú èyí tó máa ń sọ ẹran ìdí eyín rẹ̀ di funfun, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Nítorí náà, mi ò fi ìṣó kan orí pákó mọ́ ara wọn lásán. Ní igun kọ̀ọ̀kan, mo gé ìdajì kúrò nínú ìnípọn pákó kan, mo gé ìdajì kúrò nínú èkejì, kí wọ́n lè gbé ara wọn kí ojú wọn sì dọ́gba. Mo fi ṣísù há a títí tí mi ò fi rí ìmọ́lẹ̀ láàárín wọn nígbà tí mo gbé e sókè síbi oòrùn. Mo fi gọ́ọ̀mù pákó sí i, mo fi ìṣó ìdè sí i. Ibi tínńtín tó ṣẹ́ kù, mo po ìyẹ̀fun pákó kan náà mọ́ gọ́ọ̀mù títí ó fi ki, mo fi ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, mo jẹ́ kó gbẹ dọjọ́ kejì, mo wá fi sáńpépà fá a. Tí ẹ bá fi èékánná wọ́ igun yẹn báyìí, kò ní kọ́ ọ.

Bàbá káfíńtà òpópónà wa, tó yá mi ní ṣísù, ní ó ku kí n fi ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù kùn ún.

“Bàbá, ẹ ṣeun. Ajá ló máa sùn síbẹ̀, kò sì sí ohun tí kì í lá.”

“Kó lá a. Tó bá korò, á jáwọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò sì fi kùn ún. Ọ́ìlì tó ti inú ẹ́ńjìnnì jáde ti kó èérún irin àti májèlé mọ́ra, ara ajá lè fà á, ahọ́n rẹ̀ á sì gbé èyí tó kù mì. Fáníìṣì ni mo fi sí i, ẹ̀ẹ̀mejì, mo gbé e sábẹ́ ibòòji títí òórùn rẹ̀ fi tán pátápátá kí n tó jẹ́ kí ajá sún mọ́ ọn. Mo ki rọ́bà ẹsẹ̀ àga bọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí pákó má baà máa fa omi láti ilẹ̀.

Tapólì

Irú èyí tó nípọn tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ ni mo rà. Àpò ìrẹsì tí a ṣẹ́ po ṣe é lò bí owó ò bá sí, àmọ́ èékánná ajá á tètè tú u.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kan tapólì mọ́ pákó ni. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí abẹ́ ibi tí wọ́n kàn án mọ́ yẹn gan-an ni eégbọn ń wá, kò sì ní ṣe é tú fọ̀. Àǹtí télọ̀ ṣẹ́ etí rẹ̀ po ní ìlọ́po mẹ́ta, ó fi òwú tó nípọn rán an ní ìlà méjì. Mo gbé e lọ bá ṣúmékà, ó lu ihò sí etí rẹ̀ yí ká, ó tẹ òrùka irin mọ́ ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Okùn náílọ́ọ̀nù ni mo wá ń fà láti inú òrùka, gba abẹ́ pákó, padà sínú òrùka, títí mo fi yí i ká. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín rẹ̀, ó lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ mi padà. Pákó tó dábùú àárín wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, kò sí ní ojú, kó má baà jẹ́ pé eegun ìgúnpá ló tún máa kan pákó.

Tapólì á dẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní dẹ̀. Ìgbà tó bá dẹ̀, màá fa okùn.

Ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀

Màmá mi wá kí wa lọ́jọ́ tí mo gbé e jáde. Wọ́n yí i ká, wọ́n fi ọwọ́ kàn án.

“Ó dára o. Ẹní mi tó ya ńkọ́?”

Mo ní kí wọ́n má bínú, tiwọn ló kàn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ibi tí Tanímọ̀la ti máa ń sùn tẹ́lẹ̀ gan-an ni mo gbé e sí, níbi tó ti ń rí géètì àti ilẹ̀kùn ìdáná pọ̀. Ajá tó bá ti yan ibi ìṣọ́ rẹ̀ kì í tìtorí àkéte kúrò níbẹ̀, ẹ kàn máa fi agbára wọ́ ọ lásán ni. Ó gbóòórùn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì lọ dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò bá a sọ nǹkan kan. Mo tẹ́ ìró àlòkù tó ti ń sùn lé tẹ́lẹ̀ sórí rẹ̀, láìfọ̀ ọ́, pẹ̀lú òórùn rẹ̀. Lójú alẹ́, mo gbọ́ tó ń fi èékánná wa tapólì, kàràrà kàràrà, ó yí po, ó tún yí po, ó sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú ìmí gígùn. Àwọn ìlà èékánná yẹn wà níbẹ̀ di òní, kò sí èyí tó là já.

Láti ìgbà náà, ọ̀sán ló tún máa ń lọ sórí símẹ́ńtì nígbà mìíràn, mo sì gbà fún un. Awọ ìgúnpá ṣì dúdú, ṣùgbọ́n kò sán mọ́, irun wẹ́wẹ́ kan sì ti ń yọ ní etí rẹ̀. Mo ń fi òrí pa á lálẹ́ tí mo bá ráyè, ó ń lá a kúrò.

Aládùúgbò kan tó ní ọmọ ajá Boerboel tó ń yọ eyín béèrè pé ṣé kí òun ra fóòmù. Mo ní kó má tíì rà á. Ọmọ ajá á fà á ya, á gbé e mì, fóòmù sì lè dí ìfun rẹ̀ débi tí wọ́n á fi la ikùn rẹ̀. Àpò àti àkísà aṣọ ti tó fún un títí eyín á fi pé, kó sì máa wo àkísà náà, bó bá ti ń já a jẹ ni kó kó o kúrò.

Ohun tó kù

Tìmùtìmù ọyẹ́. Mo wò ó láàárín fóòmù ínṣì 4 àti òwú àràbà. Fóòmù tó dáa rọrùn láti dán wò: ẹ fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí ẹ bá kan ilẹ̀, ìgúnpá ajá náà á kan án. Fún ajá tí oríkèé ara ń ro gidi, fóòmù ni mo máa mú, kí n kọ́kọ́ fi ọ̀rá wé e nítorí ìtọ̀. Ṣùgbọ́n tapólì ti ń gbé ara Tanímọ̀la, ìgbóná nìkan ló kù tó ń wá. Òwú àràbà fúyẹ́, kì í tètè fa omi, mo sì lè tú u síta sá sóòrùn. Ó máa ń ṣù jọ, àfi ká máa fọwọ́ tú u lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì yára gbiná, kò gbọdọ̀ sún mọ́ sítóòfù.

Jíìnsì mẹ́ta tí kò wọ̀ mí mọ́ wà lọ́dọ̀ Àǹtí télọ̀ fún àpò rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣe méjì, kí ọ̀kan lè wà lára nígbà tí a bá ń fi omi gbígbóná fọ èkejì, kí wọ́n sì fi síìbù sí gbogbo gígùn ẹ̀gbẹ́ kan. Bọ́tìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ dábàá. Tanímọ̀la á ti jẹ mẹ́ta nínú rẹ̀ kó tó di pé ilẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì.