Òtútù Ń Mú Ìléru Mi

Ooru ń fẹ́ sí mi lójú láti ẹnu ìlẹ̀kùn ìléru, míta tó ń ka bó ṣe gbóná tó ní òdo ni. Mo nu ojú rẹ̀, ó bọ́ sí −10. Mo gbá a létí díẹ̀, ó di −20. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní, "Ẹ̀gbọ́n, àbí yìnyín lẹ fẹ́ fi ìléru yìí ṣe ni?"

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́ ìléru ọ̀hún, kékeré tó ń lo iná mànàmáná, kí n lè máa fi sun ife amọ̀. Gbogbo rẹ̀ ti pé, ó ku thermocouple, wáyà méjì tí míta fi ń mọ bí inú ìléru ṣe gbóná tó. Mo yọ ọ̀kan lára ẹ̀rọ àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń yọ́ ike: wáyà funfun kan, pupa kan. Lójú tèmi, thermocouple ni thermocouple. Pupa sì rèé, ta ni kò mọ̀ pé òun ni +? Bátìrì mọ́tò kò purọ́ fún mi rí. Mo ki pupa bọ ojú +, mo tan iná.

Ibi tọ́ràn náà burú sí ni pé míta yẹn kì í ṣe òǹwòran. Òun ló ń pàṣẹ fún iná. Bó ṣe ń rí i pé "òtútù" ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń da iná sí i, kó lè ṣàánú ìléru.

Mo sáré pa á, mo pe ọ̀gá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí lórí fóònù.

"Ta ló ní kí o ki pupa sí +?"

"Ọ̀gá, pupa kọ́ ni + ni?"

"Nínú ìlànà àwọ̀ ti Amẹ́ríkà, pupa ni − lára thermocouple. Lọ yí i padà. Mo ń bọ̀ nírọ̀lẹ́."

Oríṣi irin méjì ni wọ́n so pọ̀ lẹ́nu thermocouple. Bí ẹnu yẹn bá gbóná ju ìdí lọ, iná bíńtín á yọ, òun ni míta ń kà. Bí o bá so ó sódì, á kà á sódì. Thomas Johann Seebeck, ará Jámánì tó rí i ní 1821, pàápàá kọ́kọ́ rò pé òòfà ni ooru ń dá sílẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ló yí lójú rẹ̀. Ìyẹn tù mí nínú díẹ̀.

Mo yí i padà. Nọ́ńbà wá ń gòkè bí ẹni gun àkàbà: 200, 400, 650. Inú mi ti ń dùn kí ọ̀gá tó dé. Ó ní kí a pa iná yàrá, ó yọjú wo ihò ìléru.

"650 kẹ̀? Ó yẹ kí inú ibí ti máa pọ́n. Ó dúdú bíi kóró iṣin!"

Nígbà tó tutù, ó yọ òòfà lápò, ó fi kan wáyà funfun. Ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. "Irin gidi nìyí. Type J lo gbé wá, K ni míta rẹ ń retí." Oríṣi thermocouple ni J àti K: J máa ń mú ju 50 microvolt (ìwọ̀n iná bíńtín) wá lórí dígírì kan, K kò ju nǹkan bí 41 lọ, ìyẹn ni míta fi pe 500 ní 650. Ó ní bí J bá kọjá 750, ooru á jẹ irin inú rẹ̀ tán. Èmi tí mo fẹ́ sun ife mi ní 1000!

Mo wá K. Ó dé, aláwọ̀ ewé kan, funfun kan. Mi ò pe ọ̀gá mọ́, èmi náà ti ní òòfà tèmi. Mo fi kan aláwọ̀ ewé, kò dá a lóhùn. Mo fi kan funfun, ó lẹ̀ pinpin. Mo ní irin wa àná nìyí. Mo ki funfun bọ +, mo dè é le dáadáa, mo fi ìka méjì fún ẹnu rẹ̀ kó lè móoru díẹ̀.

28. 26. 24.

Àṣé ìlànà Amẹ́ríkà kọ́ ni wọ́n fi kun èyí. Ti àgbáyé ni, funfun sì ni − níbẹ̀. Lára K, wáyà − gan-an ni òòfà máa ń fà.

Ọmọ yẹn ti dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bá a mú ṣúwẹ́tà wá?"