Àparò tó bọ́ sínú koríko

Àwọn èèyàn máa ń rò pé tí ìbọn bá ti dún báyìí iṣẹ́ ọdẹ ti parí nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ o, wíwá ẹran tó ṣubú gan-an niṣẹ́.

Sátidé tó kọjá èmi àti bàbá mi wà létí oko ẹ̀gẹ́, àparò kan fò, mo yìnbọn fún un, mo rí i kedere tó já bọ́, mo bá sáré lọ, nígbà tí mo débẹ̀ kò sí nǹkan kan, ìyẹ́ méjì péré ni mo rí. Àwọ̀ ẹ̀ ò yàtọ̀ sí koríko gbígbẹ, tó bá sì jẹ́ apá ẹ̀ nìkan ló kán, ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, á sá wọgbó ni.

Bàbá mi ní, "Dúró ńbẹ̀! Má tẹ koríko yẹn mọ́lẹ̀ mọ́." Wọ́n ní kí n fi fìlà mi kọ́ igi níbi tí ìyẹ́ wà, ká wá máa yí i po díẹ̀díẹ̀, ká máa wo ẹ̀jẹ̀ lára ewé. Oòrùn ń pa wá, èékan ti ya mí lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè fi sílẹ̀ kó lọ máa jẹ̀rora nínú igbó, ìyẹn máa ń dùn mí gan-an.

Ajá wa ló gbóòórùn ẹ̀ nígbẹ̀yìn, abẹ́ ebè ló sá pamọ́ sí, kò tiẹ̀ jìnnà síbi tí fìlà wà.