Sọ́fítíwíà ojú ọjọ́ yín kò bàjẹ́, orísun dátà rẹ̀ ló yí padà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń lo Linux ló ní nǹkan kékeré kan ní igun ojú kọ̀ǹpútà, tó ń fi bí ooru ṣe mú tó, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ àti bóyá òjò yóò rọ̀ hàn wá. Àwọn kan ń lo èyí tó bá Xfce (ojú iṣẹ́ kan fún Linux) wá. Àwọn mìíràn, bíi tèmi, ń kọ kóòdù kúkúrú tí Conky, sọ́fítíwíà tó ń kọ ìròyìn sí ojú kọ̀ǹpútà, yóò máa kà. Kò sí èyí tó mọ ohunkóhun nípa ojú ọjọ́ fúnra rẹ̀ nínú wọn. Sáfà kan (kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) lókè òkun ni wọ́n ń lọ bi léèrè, ọjọ́ tí sáfà náà bá sì yí àdírẹ́sì, òfin tàbí ìrísí èsì rẹ̀ padà, igun yẹn yóò ṣófo tàbí kí ó máa fi “N/A” hàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ sọ́fítíwíà náà kúrò, wọ́n á sì tún gbé e wọlé. Òfo ni iṣẹ́ yẹn, nítorí pé àdírẹ́sì àtijọ́ kan náà ló wà nínú èyí tí wọ́n gbé wọlé padà.

Irú ìyípadà báyìí ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Yahoo pa ọ̀nà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ń gbà mú ojú ọjọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tì. Apple ra Dark Sky ní ọdún 2020, nígbà tó sì di ìparí oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n ti API rẹ̀ (ọ̀nà tí sọ́fítíwíà ń gbà béèrè dátà) pa. Ṣáájú àwọn wọ̀nyí, ní ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà ti pa sáfà weather.noaa.gov tì, wọ́n sì kó àwọn fáìlì METAR (màá ṣàlàyé rẹ̀ láìpẹ́) tó wà níbẹ̀ lọ sí tgftp.nws.noaa.gov. Èyí tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí ló rọrùn jù láti tún ṣe. Ẹni tó bá pààrọ̀ orúkọ sáfà, tó sì yọ “/pub” kúrò níwájú “/data”, ti parí iṣẹ́, nítorí pé ohun tó wà nínú fáìlì kò yí padà rárá.

METAR ni ìròyìn ojú ọjọ́ tí àwọn pápákọ̀ òfuurufú máa ń gbé jáde, ìlà kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń jẹ́. Àpẹẹrẹ kan nìyí:

DNMM 121200Z 22010KT 9999 SCT012 31/25 Q1011

DNMM ni pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. 121200Z túmọ̀ sí ọjọ́ kejìlá oṣù, agogo méjìlá ọ̀sán UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé), èyí tó jẹ́ agogo kan ọ̀sán ní Nàìjíríà. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ní knot 10. 9999 ń sọ pé ojú ríran dé kìlómítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọyẹ́ bá dé, nọ́ńbà yìí ni yóò já wálẹ̀, tí ẹ óò sì rí HZ tàbí DU lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí eruku. Ìkùukùu wà káàkiri ní ẹsẹ̀ bàtà 1,200. Ooru jẹ́ 31, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ tutù dé 25 kí ìrì tó lè sẹ̀. Q1011 ni ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ilẹ̀. Mo fẹ́ràn ìlà yìí púpọ̀, nítorí pé bí gbogbo sọ́fítíwíà tilẹ̀ kú, ènìyàn lè fi ojú lásán kà á.

Ìyípadà ti Nọ́wè ló gba iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ ti orílẹ̀-èdè náà ń fi àsọtẹ́lẹ̀ fún gbogbo ayé sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní api.met.no, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni gba kọ́kọ́rọ́ (kóòdù àṣẹ) kó tó lò ó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà Linux, títí kan ti Xfce, fi gbára lé e. Nígbà tí wọ́n kúrò ní ẹ̀dà 1.9 ti Locationforecast, orúkọ àsọtẹ́lẹ̀ wọn, bọ́ sí 2.0, èsì tó ti ń wá ní XML tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní JSON, ìlànà ìkọ dátà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà “classic” ṣì wà fún XML. Irú ojú ọjọ́ tí wọ́n ti ń fi nọ́ńbà sí tẹ́lẹ̀ wá di ọ̀rọ̀, bíi “rainshowers_day” tàbí “partlycloudy_night”. Ẹni tó bá fẹ́ lo JSON yìí kò lè fi yíyí àdírẹ́sì nìkan padà tún kóòdù rẹ̀ ṣe.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù yín, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí sáfà ń sọ láti ẹnu rẹ̀ gan-an. Ẹ ṣí terminal, kí ẹ kọ èyí, kí ẹ sì fi ímeèlì tiyín sí ibi tó yẹ. Ti Ìbàdàn ni nọ́ńbà ibi tó wà níbẹ̀:

curl -i -A "ojuojo/1.0 IMEELI-YIN" "https://api.met.no/weatherapi/locationforecast/2.0/compact?lat=7.38&lon=3.93"

Nọ́ńbà tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ èsì ni kí ẹ wò. Bó bá jẹ́ 200, kò sí wàhálà lọ́dọ̀ sáfà. Bó bá jẹ́ 403, ó ṣeé ṣe kí sọ́fítíwíà yín má sọ orúkọ ara rẹ̀, nítorí pé wọ́n ní dandan ni kí ẹni tó ń béèrè fi ara rẹ̀ hàn. Ó sì lè jẹ́ pé nọ́ńbà ibi tí ẹ fi ránṣẹ́ gùn ju ẹyọ mẹ́rin lọ lẹ́yìn àmì dẹ́símà, bí ti àwọn tó ń da ohun tí fóònù gbé jáde kọ láìgé e kúrú. 429 ń sọ pé ẹ ti ń béèrè ní àbéèrèjù. Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni 203, èyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé ẹ̀dà tí ẹ ń lò kò ní pẹ́ kógbá sílé. Dátà ṣì ń wá, ohun gbogbo sì dára lójú, nítorí náà ọ̀pọ̀ kóòdù kì í kà á sí, títí ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò fi tì.

Nínú JSON tuntun náà, “properties” ni ẹ óò kọ́kọ́ wọ̀, lẹ́yìn náà “timeseries”, kí ẹ tó mú wákàtí tí ẹ fẹ́. Ooru wà lábẹ́ “data”, “instant”, “details”, pẹ̀lú orúkọ “air_temperature”. Àmì òjò tàbí oòrùn kò sí níbẹ̀. Inú “next_1_hours” ló wà, fún àwọn ọjọ́ tó jìnnà ẹ̀wẹ̀, inú “next_6_hours” ni kí ẹ ti wá a. Iyára atẹ́gùn ń wá ní mítà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.6 bí ẹ bá fẹ́ kìlómítà fún wákàtí kan. Aago UTC ni gbogbo rẹ̀: àwọn ará Nàìjíríà àti Benin yóò fi wákàtí kan kún un, àwọn ará Togo kò ní fi nǹkan kan kún un. Àwọn tó wà níbi tí yìnyín ti ń bọ́ yóò bá orúkọ kan pàdé tí wọ́n ṣì kọ, “lightssnowshowersandthunder”, tó ní “s” méjì níbi tó yẹ kó ní ẹyọ kan. Ẹ má ṣe bá wọn tún un kọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán náà kò ní hàn.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tún irú kóòdù yìí ṣe kì í sábà rò. Ẹni tó bá kúrò lọ́dọ̀ METAR lọ sọ́dọ̀ met.no ti pààrọ̀ irú nọ́ńbà tó ń kà. 31 ti Ìkẹjà jẹ́ ohun tí wọ́n wọ̀n ní pápákọ̀ náà. “Air_temperature” jẹ́ ohun tí kọ̀ǹpútà ńlá ṣírò fún ibi tí ẹ tọ́ka sí. Èyí kejì wúlò fún ìlú tí kò ní pápákọ̀, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí ẹ kọ “báyìí” sí iwájú rẹ̀. “Àsọtẹ́lẹ̀” ni mo máa ń kọ síbẹ̀. Ní tèmi, mo fi ìlà METAR sókè, mo sì fi òjò tí met.no ń retí sísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí kóòdù tó ń mú dátà wá dá wà, kó máa kọ èsì sínú fáìlì kan, kí Conky sì máa ka fáìlì náà pẹ̀lú “execi 1800” (ìyẹn ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n-ọgbọ̀n). Nígbà náà, bí sáfà bá tún yí padà, ẹyọ kóòdù kan péré ni ẹ óò tún ṣe. Àmọ́ fáìlì yẹn ní ewu tirẹ̀. Bí kóòdù tó ń mú dátà wá bá dákẹ́, Conky yóò ṣì máa fi ooru àná hàn bí ẹni pé tòní ni, èyí sì burú ju igun tó ṣófo lọ. Nítorí náà, ẹ kọ aago tí dátà wá sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n ooru, kí àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà bó bá ti pé wákàtí mẹ́ta tí kò sí èsì tuntun.